Ẹlẹ́dàá Ọ̀run òun Ayé: Ohun tí Ìjọ Ìgbàanì Jogún lọ́wọ́ Àwọn Júù

Ní gbogbo ọjọ́ Olúwa, nígbà tí ìjọ bá dìde dúró láti jẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ rẹ̀, ohun kìn-ín-ní tí a ń wí nípa iṣẹ́ Ọlọ́run Baba ni pé Òun ni ó dá ọ̀run àti ayé. Láti ìgbà èwe wa ni a ti ń wí i, ó sì ti mọ́ wa lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ tí àwa kì í fi bi ara wa léèrè pé, láti ọwọ́ ta ni ọ̀rọ̀ yìí ti dé ọ̀dọ̀ wa? Àwọn kan a máa rò pé Ìjọ Kristi ni ó kọ́kọ́ gbé ẹ̀kọ́ náà kalẹ̀. Àwọn mìíràn a sì máa rò pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo orílẹ̀-èdè ìgbàanì ti gbà á. Èrò méjèèjì kò tọ̀nà. Àwọn Júù ni ó fi ẹ̀kọ́ náà lé Ìjọ lọ́wọ́, wọ́n sì ti fi omijé àti ẹ̀jẹ̀ tọ́jú rẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ní àkókò yìí tí ìjọ wa ń ṣe àjọ̀dún ọgọ́rùn-ún ọdún rẹ̀, tí a sì ń dárúkọ àwọn tí ó ṣe làálàá ṣáájú wa, ó yẹ kí a rántí àwọn baba tí ó jìnnà jù wọ́n lọ pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí ọ̀ràn náà ti rí lọ́dọ̀ àwọn Gíríìkì. Plato, ọlọ́gbọ́n ará Áténì tí ó kú ní nǹkan bí ọdún 347 ṣáájú ìbí Olúwa wa, kọ ìwé kan tí a ń pè ní Timaeus. Nínú rẹ̀ ni ó wí pé oníṣẹ́-ọnà kan, ẹni rere, ni ó ṣe ayé yìí ní ẹwà. Ṣùgbọ́n oníṣẹ́-ọnà náà kò dá ohun tí ó fi ṣe é. Ó bá a nílẹ̀ ní rúdurùdu ni, ó sì tò ó létòlétò. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni amọ̀kòkò rí. Ọwọ́ rẹ̀ lè mọ́ iṣẹ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ó dá amọ̀. Bí òkúta bá sì wà nínú amọ̀ náà, tí ìkòkò là nínú iná, a kò lè di gbogbo ẹ̀bi náà rù ú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn amòye ìgbà náà ni ó rò báyìí nípa Ọlọ́run: pé ẹni rere ni, ṣùgbọ́n pé ohun kan ti wà pẹ̀lú rẹ̀ láti ayérayé, èyí tí agbára rẹ̀ kò ká tán.

Ìwé Mósè kò sọ̀rọ̀ báyìí. Ọ̀rọ̀ Hébérù tí ó dúró fún “dá” ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé Jẹ́nẹ́sísì ni bara. Nígbà tí a bá lo ọ̀rọ̀ yìí fún dídá nǹkan nínú Ìwé Mímọ́ èdè Hébérù, Ọlọ́run nìkan ni a ń lò ó fún. A kì í lò ó fún gbẹ́nàgbẹ́nà tàbí alágbẹ̀dẹ, a kì í sì í dárúkọ ohun tí a fi ṣe iṣẹ́ náà pẹ̀lú rẹ̀. Síbẹ̀, ẹsẹ kejì orí náà sọ nípa ilẹ̀ tí ó wà ní òfìfo, àti òkùnkùn tí ó wà lójú ibú, kò sì sọ fún wa ibi tí ìwọ̀nyí ti wá. Níbẹ̀ ni ìbéèrè wà. Ṣé Ọlọ́run bá wọn nílẹ̀ ni, tàbí Òun ni ó dá wọn? Àwọn Júù ni ó kọ́kọ́ bá ìbéèrè yìí jìjàkadì, ibi tí ìdáhùn rẹ̀ sì ti kọ́kọ́ jáde gbangba yóò ya ẹni tí kò tí ì gbọ́ ọ lẹ́nu.

Ní ọdún 167 ṣáájú ìbí Olúwa wa, Antiochus Epiphanes ọba Síríà sọ tẹ́ḿpìlì Jerúsálẹ́mù di àìmọ́, ó sì pàṣẹ pé kí àwọn Júù kọ Òfin baba wọn sílẹ̀. Ìwé Mákábì Kejì, ní orí keje rẹ̀, sọ ìtàn ìyá kan àti àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méje tí a mú, tí a sì ń pa ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ojú ìyá wọn, nítorí tí wọn kò fẹ́ jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀. Nígbà tí ó kù àbíkẹ́yìn, ọba ní kí ìyá náà gba ọmọ rẹ̀ níyànjú kí ó lè yè. Ìyá náà tẹ̀ bá ọmọ rẹ̀, ó sì bá a sọ̀rọ̀ ní èdè wọn. Ó rọ̀ ọ́ pé kí ó gbé ojú rẹ̀ sókè wo ọ̀run àti ilẹ̀, àti ohun gbogbo tí ó wà nínú wọn, kí ó sì mọ̀ pé Ọlọ́run kò fi ohun tí ó ti wà tẹ́lẹ̀ dá wọn. Ó ní kí ó má ṣe bẹ̀rù apani náà, kí òun lè rí i gbà padà pẹ̀lú àwọn arákùnrin rẹ̀.

Ẹ kíyè sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ yìí. Opó ni, kì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Iwájú àwọn apani ni ó sì ti sọ ọ́. Ìdí tí ó fi sọ ọ́ yé wa pẹ̀lú. Bí ó bá jẹ́ pé Ọlọ́run kò lè ṣiṣẹ́ àfi bí ó bá rí nǹkan nílẹ̀, kí ni yóò fi gbé ọmọ tí a ti gé wẹ́wẹ́, tí a sì ti sun nínú iná, dìde? Ṣùgbọ́n bí ó bá ti dá ohun gbogbo nígbà tí kò sí nǹkan kan, nígbà náà ikú kò lè dá ọwọ́ rẹ̀ dúró. Láti inú ìrètí àjíǹde ni ẹ̀kọ́ dídá ayé láìsí ohun ìpìlẹ̀ ti kọ́kọ́ fọhùn kedere. Abala kẹfà nínú àwọn Abala Ìgbàgbọ́ 39 ti Ìjọ Áńgílíkà kọ́ wa pé a ń ka ìwé Àpókírífà fún àpẹẹrẹ ìwà rere, ṣùgbọ́n pé a kò gbé ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ kalẹ̀ lórí rẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Pọ́ọ̀lù ń kọ̀wé sí àwọn ará Róòmù, ní orí kẹrin, ó so ohun méjì pọ̀ nínú gbólóhùn kan nípa Ọlọ́run Ábúráhámù: pé ó ń sọ òkú di alààyè, àti pé ó ń pe ohun tí kò sí bí ẹni pé ó wà. Ohun méjì tí ìyá náà so pọ̀ gan-an nìyẹn. Ọ̀pọ̀ àwọn olùkọ́ Ìwé Mímọ́ sì gbà pé òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ wà nínú àwọn tí Ìwé Hébérù orí kọkànlá sọ̀rọ̀ wọn, àwọn tí a dá lóró tí wọn kò sì gba ìdáǹdè, nítorí àjíǹde tí ó dára jù.

Ẹ̀bùn kejì tí Ìjọ gbà lọ́wọ́ àwọn Júù ni ẹ̀kọ́ nípa Ọgbọ́n. Ìwé Òwe, orí kẹjọ, fi Ọgbọ́n hàn bí ẹni tí ó wà lọ́dọ̀ Ọlọ́run kí òkè àti ibú tó wà, tí ó sì wà níbẹ̀ nígbà tí a ń fi ìpìlẹ̀ ayé sọlẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 180 ṣáájú ìbí Olúwa wa, Jésù ọmọ Síráákì, olùkọ́ ní Jerúsálẹ́mù, kọ ọ́ pé láti ẹnu Ọ̀gá-ògo ni Ọgbọ́n ti jáde wá, àti pé a pàṣẹ fún un láti pàgọ́ rẹ̀ sí àárín Ísírẹ́lì. Lẹ́yìn náà ni ìwé tí a ń pè ní Ọgbọ́n Sólómọ́nì, tí a kọ ní èdè Gíríìkì, sọ nípa rẹ̀ pé ìtànṣán ìmọ́lẹ̀ ayérayé ni. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ka ẹsẹ ìbẹ̀rẹ̀ Ìwé Hébérù nípa Ọmọ Ọlọ́run, nípasẹ̀ ẹni tí a dá ayé, tí ó sì jẹ́ ìtànṣán ògo Baba, yóò mọ̀ pé akọ̀wé náà kò ṣẹ̀dá èdè tuntun. Èdè tí ó ti wà ní ilé ni ó lò.

Ní Alẹkisáńdíríà ní ilẹ̀ Íjíbítì, níbi tí àwọn Júù ti bẹ̀rẹ̀ sí túmọ̀ Òfin Mósè sí èdè Gíríìkì ní ọ̀rúndún kẹta ṣáájú ìbí Olúwa wa, ni Philo gbé. Ó wà láyé ní àkókò kan náà pẹ̀lú Olúwa wa. Ènìyàn ńlá ni láàárín àwọn ará rẹ̀. Nígbà tí a ṣe inúnibíni sí àwọn Júù ìlú náà ní ọdún 38, òun ni ó ṣíwájú àwọn ikọ̀ tí ó lọ bẹ̀bẹ̀ níwájú Késárì Gaius ní Róòmù. Philo kọ ìwé kan lórí dídá ayé. Ó wí pé, bí ọba bá fẹ́ tẹ ìlú dó, ọ̀gá àwọn ọ̀mọ̀lé a kọ́kọ́ ya gbogbo ìlú náà sí ọkàn rẹ̀, àti ọjà, àti èbúté, àti òpópónà, kí a tó gbé òkúta kan lé òmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run ti kọ́kọ́ pète àpẹẹrẹ ayé, ibi tí àpẹẹrẹ náà sì wà ni Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, tí àwọn Gíríìkì ń pè ní Logos. Ó wí pẹ̀lú pé iye ọjọ́ mẹ́fà náà wà láti fi ètò iṣẹ́ hàn, kì í ṣe pé Ẹlẹ́dàá nílò ọjọ́ kí ó tó lè parí iṣẹ́ rẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí Jòhánù Mímọ́ bẹ̀rẹ̀ Ìhìn Rere rẹ̀ pẹ̀lú Ọ̀rọ̀ tí ó wà lọ́dọ̀ Ọlọ́run, nípasẹ̀ ẹni tí a dá ohun gbogbo, àwọn Júù tí ó ń gbọ́ èdè Gíríìkì kò ní ṣàì mọ ibi tí ó ń lọ. Àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá, tí a parí gbogbo rẹ̀ ní ọdún 1884, ṣe dáradára nínú ọ̀ràn yìí, nítorí “àtètèkọ́ṣe” kan náà ni wọ́n fi ṣí Jẹ́nẹ́sísì àti Ìhìn Rere Jòhánù. Etí wa pẹ̀lú sì lè gbọ́ bí ìwé kejì ti ń dá ìwé kìn-ín-ní lóhùn. Ṣùgbọ́n Jòhánù lọ síwájú ju Philo lọ. Ó wí pé Ọ̀rọ̀ náà di ẹran-ara, ó sì ń bá wa gbé. Níbi yìí ni ọ̀nà Ìjọ àti ti sínágọ́gù ti yà. Ó yẹ kí a wí i pẹ̀lú òtítọ́, kí a má sì ṣe fi bò pé títí dé ibi tí ọ̀nà ti yà, ọ̀nà kan ni.

Ẹ máṣe rò pé ohun gbogbo hàn kedere lójú àwọn Baba Ìjọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìwé Ọgbọ́n Sólómọ́nì pàápàá, ní orí kọkànlá, wí pé láti inú ohun tí kò ní ìrísí ni ọwọ́ Ọlọ́run ti dá ayé. Justin, tí a bí ní Samáríà, tí a sì pa ní Róòmù nítorí ìgbàgbọ́ ní nǹkan bí ọdún 165, kọ ohun tí ó jọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ọ̀dọ̀ Mósè ni Plato ti kọ́ ọ. Justin náà ni ó kọ ìwé àríyànjiyàn rẹ̀ pẹ̀lú Trypho, Júù kan, nínú èyí tí àwọn méjèèjì fi Ìwé Mímọ́ kan náà sí iwájú wọn, tí wọ́n sì ń wádìí ẹni tí Ọlọ́run ń bá sọ̀rọ̀ nígbà tí ó pète láti dá ènìyàn ní àwòrán ara rẹ̀. Ìjọ ṣì ń kọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni, ní ẹ̀gbẹ́ àwọn olùkọ́ rẹ̀ àtijọ́.

Ewu ni ó mú kí ọ̀ràn náà di pípinnu. Marcion, ará Sínópè ní Pọ́ńtù, ọlọ́rọ̀ tí ó ní ọkọ̀ ojú omi, wá sí Róòmù, ó sì fi owó Róòmù tí ó tó 200,000 sésításì ta ìjọ lọ́rẹ. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ni pé Ọlọ́run tí ó dá ayé, Ọlọ́run àwọn Júù, kì í ṣe Baba Olúwa wa Jésù Kristi; pé òǹrorò ni, àti pé ayé tí ó dá kò dára. Ó kọ gbogbo Májẹ̀mú Láéláé sílẹ̀, kò sì fẹ́ ju Ìhìn Rere Lúùkù kan ṣoṣo, tí ó ti gé kù, àti ìwé Pọ́ọ̀lù mẹ́wàá. Ní ọdún 144, ìjọ Róòmù yọ ọ́ kúrò láàárín wọn, wọ́n sì kó gbogbo owó rẹ̀ fún un padà. Ohun ìyìn ni èyí. Talákà ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará ìjọ náà, ṣùgbọ́n wọn kò ta Ọlọ́run Ábúráhámù fún owó.

Láti ìgbà náà ni àwọn olùkọ́ Ìjọ ti mọ̀ pé bí a bá gbà pé ohun kan ti wà pẹ̀lú Ọlọ́run láti ayérayé, a ti ṣí ilẹ̀kùn fún ọlọ́run méjì. Ní nǹkan bí ọdún 180, Theophilus bíṣọ́ọ̀bù Áńtíókù kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ Autolycus, tí í ṣe abọ̀rìṣà. Ó bi í pé, kí ni ohun ńlá tí ó wà nínú rẹ̀, bí Ọlọ́run bá fi ohun tí ó bá nílẹ̀ ṣe ayé? Oníṣẹ́-ọwọ́ pàápàá ń ṣe bẹ́ẹ̀. Agbára Ọlọ́run hàn nínú èyí pé láti inú àìsí ni ó ti dá ohun tí ó wù ú. Ní ìwọ̀n ìgbà kan náà, Irenaeus bíṣọ́ọ̀bù Lyons kọ́ni pé Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ni ó pèsè ohun tí ó fi dá ayé, àti pé Ọ̀rọ̀ rẹ̀ àti Ọgbọ́n rẹ̀, tí í ṣe Ọmọ àti Ẹ̀mí, ni ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ẹ ó rí i pé nígbà tí a dojú ìjà kọ ẹni tí ó fẹ́ lé Májẹ̀mú Láéláé jáde, ohun-ìjà àwọn Júù ni ó wà lọ́wọ́ Ìjọ: ohùn ìyá àwọn ọmọ méje, Ọgbọ́n ti Ìwé Òwe, àti Ọ̀rọ̀ tí Ọlọ́run fi dá ayé.

Àwọn Júù pàápàá kò sì dákẹ́. Nínú àkójọ ẹ̀kọ́ wọn lórí ìwé Jẹ́nẹ́sísì tí a ń pè ní Bereshit Rabbah, a kà nípa amòye kan tí ó wí fún Gàmálíẹ́lì pé oníṣẹ́-ọnà ńlá ni Ọlọ́run yín, ṣùgbọ́n ó rí àwọn ọ̀dà dáradára nílẹ̀ tí ó ràn án lọ́wọ́: òfìfo, òkùnkùn, omi, afẹ́fẹ́ àti ibú. A gbà pé ọmọ-ọmọ Gàmálíẹ́lì tí ó kọ́ Pọ́ọ̀lù ni Gàmálíẹ́lì yìí. Ó dá a lóhùn láti inú ìwé àwọn wòlíì, Orin Dáfídì àti Òwe, ó ń mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ń fi hàn pé Ìwé Mímọ́ jẹ́rìí pé a dá olúkúlùkù wọn. Nínú ìwé kan náà, rábì Hoshaiah ti Kesaríà wí pé bí ọ̀gá ọ̀mọ̀lé ti ń wo àwòrán ilé nínú ìwé, bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run wo inú Òfin, ó sì dá ayé. Ẹ rántí àpèjúwe Philo. Ní ìlú Kesaríà yìí kan náà, láti nǹkan bí ọdún 232, ni Origen, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀mọ̀wé tí ó ga jù nínú Ìjọ ìgbàanì, ti ń wàásù lórí Jẹ́nẹ́sísì, tí ó sì ń bi àwọn Júù léèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Hébérù. Nípa Òfin ni rábì náà sọ̀rọ̀. Nípa Kristi ni Origen sọ̀rọ̀. Síbẹ̀ ẹsẹ Ìwé Mímọ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ń tú palẹ̀, ní ìlú kan náà, ní ìgbà kan náà.

Nígbà tí àríyànjiyàn Arius, àlùfáà Alẹkisáńdíríà, dìde, ẹsẹ kan nínú Òwe orí kẹjọ ni ó di pápá ìjà, nítorí tí ìtumọ̀ Gíríìkì wí níbẹ̀ pé Olúwa “dá” Ọgbọ́n. Arius rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó ní ẹ̀dá ni Ọmọ Ọlọ́run. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù tí ó péjọ ní Nikéà ní ọdún 325 pinnu pé a bí Ọmọ, a kò dá a, àti pé Baba ni Ẹlẹ́dàá ohun gbogbo, èyí tí a ń rí àti èyí tí a kò rí. Ìjẹ́wọ́ tí a ń kà ní ìsìn Ìdàpọ̀ Mímọ́ ti inú ìjà yẹn wá.

Kí ni èrè rántí gbogbo nǹkan wọ̀nyí? Ẹ̀mí Marcion kò kú pẹ̀lú rẹ̀. Ní ọjọ́ 6 oṣù karùn-ún ọdún 1939, àwọn aṣáájú ìjọ kan ní ilẹ̀ Jámánì pé jọ sí ilé-olódi Wartburg ní Eisenach, níbi tí Luther ti túmọ̀ Májẹ̀mú Tuntun ní nǹkan bí 400 ọdún ṣáájú, wọ́n sì dá ilé-ìwádìí kan sílẹ̀ láti fa ohun gbogbo tí í ṣe ti Júù tu kúrò nínú ìgbé-ayé Ìjọ. Ní ọdún 1940 wọ́n tẹ Májẹ̀mú Tuntun kan jáde tí wọ́n ti gé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kúrò nínú rẹ̀. Ní ọdún wọnnì ni ìjọba ilẹ̀ náà pa àwọn Júù tí ó tó mílíọ̀nù mẹ́fà, àti àgbà àti ọmọ ọwọ́. Ẹ jẹ́ kí èyí kọ́ wa. Àwọn tí ó fẹ́ gba Kristi lọ́wọ́ àwọn Júù kò mọ̀ pé Ọlọ́run tí ó dá ọ̀run òun ayé ni wọ́n ń lé jáde pẹ̀lú wọn.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, ẹ má ṣe jẹ́ kí a ka Ẹ̀kọ́ Kìn-ín-ní láti inú Májẹ̀mú Láéláé bí ohun tí a fẹ́ tètè parí. Kí a kọ́ àwọn ọmọ wa láti máa fi ọ̀wọ̀ dárúkọ àwọn Júù, nítorí bàbà àti ìyá wa nínú ìgbàgbọ́ ni wọ́n. Nígbà tí a bá sì ń rìn kọjá ní ibojì àwọn tí ó fi ìpìlẹ̀ ìjọ yìí sọlẹ̀, tí ara wọn ti padà di erùpẹ̀ tipẹ́tipẹ́, kí a rántí ọ̀rọ̀ ìyá tí ó dúró ti òkú ọmọ mẹ́fà. Ẹni tí kò nílò ohunkóhun nígbà tí ó dá wọn kò ní wá ohunkóhun tì nígbà tí ó bá fẹ́ gbé wọn dìde. Òun ni kí ògo wà fún, láyé àti láéláé.